BÍ IYÈ BÁ Ń FI ÀGBÀ SÍLẸ̀: KÍ NI OJÚṢE ARÁ ILÉ?

Bísímílláhì Ràhmáánì Ràhíìmù. Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun Allah, Ọba tí ó dá wa ní ọmọ jòjòló tí kò mọ nǹkan kan, tí ó fún wa ní etí, ojú àti òye, tí ó sì ní agbára láti gba èyí tí ó bá wù ú padà. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, inú ilé ni ó wà, ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ ọ́ síta. Oṣù Ràmàdáánì ni ó sì máa ń tú u síta jù. Bàbá ti jẹ sààrì tán pẹ̀lú gbogbo ilé, kò tíì pé wákàtí kan, bàbá tún ń béèrè pé, “Ṣé ẹ kò ní gbé sààrì fún mi ni?” Nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí, wọ́n á wọ ilé ìdáná lọ jẹun. Àwọn ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ wọn àgbà á jágbe mọ́ wọn pé, “Bàbá, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ kọ́ wa ní ààwẹ̀ ni?” Bàbá á wá dúró, wọn kò ní mọ ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn kan á ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ti ń ṣarán.” Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ni, ọ̀rọ̀ tí ó burú ju ìyẹn lọ ni wọ́n máa ń sọ, a óò sì dé orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé Ọlọ́hun kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún wa. Nínú Àlùkùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé, Súrà An-Nahl, áyà 70, àti Súrà Al-Hajj, áyà 5, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé nínú wa ni a óò ti rí ẹni tí a óò dá padà sí ìpele ọjọ́ orí tí ó le jù, débi pé lẹ́yìn tí ó ti mọ̀, kò ní mọ̀ mọ́. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàápàá máa ń tọrọ ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi irú ogbó bẹ́ẹ̀. Sàhábé Sa'd ọmọ Abi Waqqas ni ó gbà á wá, ó sì wà nínú àkójọ Bukhari. Bí Ànábì bá ń tọrọ ìṣọ́ kúrò níbi nǹkan kan, ìdánwò ni nǹkan náà. Kì í ṣe ẹ̀gàn, kì í sì í ṣe àmì pé ẹni tí ó bá bá a hùwà ibi.

Àwọn dókítà náà ní àlàyé tiwọn. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá dàgbà ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Àrùn tí ó ń jẹ ọpọlọ ni, gẹ́gẹ́ bí àrùn mìíràn ṣe ń jẹ ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín. Oríṣiríṣi ni àrùn ọ̀hún. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, pè, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1906. Òmíràn máa ń wá láti inú ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ tí ó ti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ jẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe ìṣirò pé ní ọdún 2021, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 57 ni àrùn yìí ń bá jà ní gbogbo ayé, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀.

Ẹ má sì sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ní ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń yẹ àwọn àgbà tí ó ti pé ọdún 65 wò, tí wọ́n sì ń yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú wò ní Indianapolis. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà ní Ìbàdàn, bíi 13 tàbí 14 ni àrùn yìí ń mú lọ́dọọdún. Ní Indianapolis, ó tó 32. A dúpẹ́ pé tiwa kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà nílé wa. Bí àwọn àgbà wa sì ṣe ń pẹ́ láyé sí i, bẹ́ẹ̀ ni a óò máa rí i sí i.

Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Kò sí ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan. Ẹni tí ó wá kọ́kọ́rọ́ títí, tí ó padà rántí ibi tí ó fi í sí, kò sí ewu ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń tajà fún ọdún gbọọrọ, tí kò lè ka ṣéńjì mọ́. Ẹni tí ó ṣìnà láti mọ́sáláásí àdúgbò rẹ̀ wá sílé. Ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ kan náà nígbà mẹ́wàá láàárín àárọ̀ kan. Ẹni tí ó gbé ìkòkò ka iná tí ó sì jáde lọ. Ẹni tí ìwà rẹ̀ yí padà, tí onísùúrù di oníbìínú, ẹ mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ọsibítù.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ lọ ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni kò ní àtúnṣe. Ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya lè jọ ọ́. Àìtó fítámì B12 lára lè jọ ọ́. Àgbà tí ó ṣubú, tí ó fi orí gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà díẹ̀díẹ̀ sínú agbárí rẹ̀. Oògùn náà wà níbẹ̀: oògùn oorun, àti irú oògùn ọ̀fìnkìn àti ara yíyún tí ó máa ń kun ènìyàn lóorun, wọ́n lè da orí àgbàlagbà rú. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: bí orí àgbà bá dàrú lójijì, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ má sọ pé arúgbó ni. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ àrùn ojú ilé ìtọ̀, ó lè jẹ́ pé ṣúgà ara wálẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé omi kò tó lára, pàápàá nínú oṣù ààwẹ̀ yìí. Bí ẹnu bá yẹ̀ tàbí tí apá kan bá rọ, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ, kì í ṣe ọ̀la.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ẹ̀sìn wí nípa ìjọ́sìn wọn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà inú ilé ti ń bẹ̀rẹ̀. Hádíìsì tí a mọ̀ dáadáa kọ́ wa pé a kì í kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tí ó ń sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí títí yóò fi padà. Nítorí náà, àgbà tí iyè rẹ̀ ti lọ, tí kò mọ oṣù tí a wà, tí kò mọ ohun tí ààwẹ̀ jẹ́, kò sí ààwẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí irun lọ́rùn rẹ̀. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ ọ̀sán wọn ní ìrọ̀rùn. Ẹni tí ó fi tipátipá mú wọn dá omi dúró kò ṣe ẹ̀sìn lóore, ó kàn ń fi ìyà jẹ wọn ni.

Ẹni tí òye rẹ̀ ṣì pé, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò gba ààwẹ̀ mọ́, ìyẹn ni ti fìdíyà tí Súrà Al-Baqarah, áyà 184, dúró lé lórí: bíbọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ní dandan ni. Ní ọ̀nà Imam Malik tí àwa ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ yìí, ohun tí ó dára láti ṣe ni, kò di dandan.

Ẹni tí ó ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀ ńkọ́, tí ó gbààwẹ̀, tí ó sì ṣèèṣì jẹun? Abu Hurayrah gba hádíìsì wá lọ́dọ̀ Ànábì pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ parí ààwẹ̀ rẹ̀, Ọlọ́hun ni ó bọ́ ọ. Imam Malik ní kí ó parí ọjọ́ náà, kí ó sì gba ọ̀kan padà lẹ́yìn Ràmàdáánì. Àwọn Imam mẹ́ta yòókù ní kò sí ìsanpadà. Èwo nínú wọn ni ó sọ pé kí á pariwo mọ́ ọn? Kò sí. Lórí irun náà, bí iyèméjì bá dé bóyá ràkáà mẹ́ta ni a kí tàbí mẹ́rin, èyí tí ó dájú, ìyẹn mẹ́ta, ni kí á dúró lé, kí á parí rẹ̀, kí á sì fi orí kanlẹ̀ ní ìforíkanlẹ̀ ìgbàgbé. Ẹ rí i pé ẹ̀sìn wa ti pèsè àyè fún ìgbàgbé kí ìgbàgbé tó dé.

Nísinsin yìí, báwo ni a ó ṣe máa bá wọn gbé lójoojúmọ́?

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ wọn ní ètò. Ìpè irun máàrún-ún jẹ́ aago fún wọn. Lẹ́yìn Àsùbáà, ẹ̀kọ. Lẹ́yìn Àyìlá, oúnjẹ ọ̀sán àti ìsinmi. Lẹ́yìn Aláásárì, kí wọ́n jókòó síta tàbí kí wọ́n rìn díẹ̀. Ibì kan náà ni kí búta àlùwàlá wà, ibì kan náà ni kí ẹní ìkírun wà, lójoojúmọ́. Ẹ má máa tún yàrá wọn tò. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, tí ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ láti tọ́jú, ní láti rò ó dáadáa. Ilé tí wọn kò mọ̀, ojú ọjọ́ tí wọn kò mọ̀, èdè tí wọn kò gbọ́, wọ́n lè dá kún ìdàrúdàpọ̀ ọ̀hún.

Èkejì, ẹ má bá wọn jiyàn. Ìyá lè máa béèrè bàbá tí ó ti kú láti ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ bá ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé, “Bàbá ti kú,” ojoojúmọ́ ni ẹ ń bá wọn sin òkú tuntun. Àwọn kan á ní, “Ṣé kí á wá pa irọ́ ni?” Rárá. Ẹ ní, “Ìyá, ẹ sọ fún wa, níbo ni ẹ̀yin àti bàbá ti pàdé?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jùmọ̀ ṣe àdúà fún bàbá. Bí wọ́n bá wà nínú ilé tí wọ́n sì ń sọ pé, “Mò ń lọ sílé,” ẹ bá wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ fún wọn lómi, kí ẹ sì jọ padà wọlé. Ọkàn wọn ni kò balẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ olè. Wọ́n á fi owó pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á gbàgbé, wọ́n á ní ìyàwó ọmọ wọn ni ó jí i. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má fi sọ́kàn. Àrùn ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má tìtorí ẹ̀sùn yìí lu ìyàwó yín tàbí lé ọmọ ọ̀dọ̀ jáde. Ẹ jùmọ̀ wá owó náà, kí ẹ sì mọ ibi tí wọ́n máa ń kó nǹkan pamọ́ sí.

Ẹ̀kẹrin, ewu inú ilé. Kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ wà nínú ìgò omi mímu. Ẹ tọ́jú oògùn sí ibi tí ọwọ́ wọn kò ní tó. Ẹ pa gáàsì láti orí sílíńdà. Ẹ yọ ìkọ́ tí wọ́n lè fi ti ara wọn mọ́ inú ilé ìwẹ̀. Ẹ rán orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù ará ilé mọ́ ara aṣọ wọn, kí ẹ sì sọ fún àwọn aládùúgbò, àwọn jàmáà mọ́sáláásí àti àwọn ọlọ́kadà oríta pé, “Bí ẹ bá rí bàbá wa, ẹ bá wa dá wọn dúró.” Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí a bá fi pamọ́, kò sí ẹni tí yóò bá wa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀karùn-ún, ohun tí ó ti pẹ́ nínú iyè ni ó máa ń kẹ́yìn lọ. Ẹni tí kò rántí oúnjẹ àná lè máa bá yín ka Fátíhà láìṣì ọ̀kan. Ẹ máa kí irun nítòsí wọn kí ohùn yín sì jáde. Bí wọ́n bá bá yín fi orí kanlẹ̀, ẹ dúpẹ́. Bí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń wò yín, ẹ dúpẹ́ náà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a ní a óò dé orí rẹ̀ nìyí. Ìyá àgbà tí ó ń dìde lóru, tí ó ń rìn ní àgbàlá, tí ó ń bá ẹni tí ojú kò rí sọ̀rọ̀, tí ó sì ń sọ ohun tí kò yé ènìyàn, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti pe irú wọn ní àjẹ́. Wọ́n ní ó ń jẹ́wọ́. Wọ́n ti lé àwọn kan síta, wọ́n ti lu àwọn kan, wọn kò fún àwọn kan lóúnjẹ mọ́. Àìrí oorun sùn lóru, rírí ohun tí kò sí àti sísọ ìsọkúsọ, gbogbo rẹ̀ wà lára ohun tí àrùn ọpọlọ yìí máa ń fà. “Ìjẹ́wọ́” tí ẹ gbọ́ yẹn, kò ju ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì lọ. Ta ni yóò dáhùn níwájú Ọlọ́hun fún ẹ̀jẹ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀? Áfáà tí ó bá sì gba owó láti fi ìdí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ọ̀rọ̀ dúkìá náà ńkọ́? Ọmọ tí ó mú ìwé ilẹ̀ lọ bá bàbá tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, tí ó fi àtàǹpàkò bàbá tẹ̀ ẹ́, olè ni ó jà. Áyà 282 nínú Súrà Al-Baqarah ti là á kalẹ̀ pé bí òye ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó, alámòójútó rẹ̀ ni kí ó sọ̀rọ̀ fún un pẹ̀lú dọ́gbadọ́gba, níwájú ẹlẹ́rìí. Kí ẹbí jókòó, kí wọ́n yan ẹni tí a lè fọkàn tán, kí ó máa kọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sílẹ̀. Sakáà orí owó wọn kò dúró. Ní ọ̀nà Imam Malik, alámòójútó ni yóò máa yọ ọ́ láti inú owó náà.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ wa, tí ẹ fúnra yín ti ṣàkíyèsí pé iyè ń jó rẹ̀yìn, ẹ má fi pamọ́. Ẹ pe àwọn ọmọ. Ẹ sọ gbèsè tí ẹ jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ yín. Ẹ kọ wàsíyà yín nígbà tí ó ṣì dá yín lójú, kí ó má sì ju ìdá mẹ́ta dúkìá yín lọ. Ẹ fi ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun, kí ẹ máa fa ìlà kan síbẹ̀ lẹ́yìn irun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá rántí bóyá ẹ ti kí Àyìlá, ìlà á sọ fún yín.

Ó kù sí ọwọ́ ẹni tí ó ń tọ́jú wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin kan tàbí ìyàwó kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ni ó ń fọ aṣọ, òun ni kì í sùn lóru. Àwọn yòókù á fi owó ránṣẹ́, wọ́n á sì fi fóònù bu ẹnu àtẹ́ lu bí ó ṣe ń ṣe é. Ẹ pín in! Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dé orí. Ojúṣe ọmọ ni kí ó tó kan ìyàwó ọmọ. Ẹni tí ó ní owó kí ó mú owó wá. Ẹni tí kò ní, kí ó wá gbà á fún ọjọ́ méjì kí ó lè sùn, kí ó sì lè rí àyè lọ kí àsámù. Ẹni tí ó bá rẹ̀ tẹnutẹnu, ìgbà náà ni ó máa ń jágbe, ìgbà náà ni ọwọ́ máa ń ṣèèṣì lọ sókè.

Fún àwa tí iyè wa ṣì pé, àwọn onímọ̀ tí ó jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 2024 ní ó ṣeé ṣe láti dènà rẹ̀ tàbí láti sún un síwájú ní nǹkan bí ìdajì gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wò, kí á jáwọ́ nínú sìgá, kí á máa rìn, kí á tọ́jú etí tí kò gbọ́ràn mọ́ àti ojú tí kò ríran, kí á má sì dá àgbà jókòó sínú yàrá láìsí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Áyà 23 àti 24 nínú Súrà Al-Isra pa á láṣẹ pé bí òbí bá dàgbà lọ́dọ̀ wa, a kò gbọdọ̀ ṣe ṣíọ̀ sí wọn, a kò gbọdọ̀ jágbe mọ́ wọn. Hádíìsì sì wà pé Jibril ṣe àdúà ègbé fún ẹni mẹ́ta, Ànábì ń ṣe àmín sí i lórí mínbárì. Ọ̀kan ni ẹni tí Ràmàdáánì bá láyé tí kò rí àforíjìn gbà. Òmíràn ni ẹni tí òbí rẹ̀ dàgbà lójú rẹ̀ tí kò torí wọn wọ àlùjánnà. Ẹni tí ó ní irú òbí yìí nílé nínú oṣù yìí, ilẹ̀kùn méjèèjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún un. Wọ́n lè má rántí pé a fún wọn lómi lónìí. Ọlọ́hun kì í gbàgbé.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ iyè wa fún wa títí di ọjọ́ ikú wa. Kí ó ṣe ìrọ̀rùn fún àwọn tí ó wà nínú ìdánwò yìí, kí ó fún àwọn tí ó ń tọ́jú wọn ní sùúrù àti ẹ̀san rere, kí ó sì fi orí jin àwọn òbí wa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe ìkẹ́ wa nígbà tí àwa náà kò mọ nǹkan kan. Àmín.